Ìwé àti Ìkòkò: Bí Oúnjẹ Wa Ṣe Rìn Láti Mali Dé Hamburg àti Marzahn

   

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí dá lórí ohun tí ó wà nínú ìkòkò wa àti ohun tí ó wà nínú ìwé wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó gbà pé ti àwọn àlùfáà àti àwọn ọ̀mọ̀wé ni ìwé, pé ti àwọn ìyá sì ni ìkòkò. Ìtàn kò fara mọ́ ìpín yìí. Ní ọ̀nà tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù gbà dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé àti oúnjẹ jọ rìn ni. Níbi tí ayé bá sì ti pín wọn níyà, ohun kan a máa sọnù. A ó wo ibi méjì tí ó ti ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, a ó sì wo ohun tí ó yẹ kí a ṣe kí ó má baà ṣẹlẹ̀ sí àwa náà.

Ohun tí àlùbọ́sà ń sọ

Kí a tó ṣí ìwé kankan, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí a fi ń se ọbẹ̀. Àlùbọ́sà tí a ń gé sínú ata kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá látilẹ̀wá. Al-baṣal ni àwọn Lárúbáwá ń pè é. Àwọn Hausa gbà á, wọ́n pè é ní albasa. Àwa náà gbà á lọ́wọ́ wọn, a sọ ọ́ di àlùbọ́sà. Ọ̀nà kan náà ni àlìkámà gbà: al-qamḥ ni ní èdè Lárúbáwá, alkama ni lẹ́nu àwọn Hausa. Dàbínù tí a fi ń ṣínu wá láti inú dabino ti Hausa. Ẹ gbé àwọn ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀gbẹ́ sàárà, sàkà àti wàláà, ẹ ó sì rí i pé ọjà kan náà ni wọ́n ti bọ̀. Bí oníṣòwò ti ń di ẹrù àlùbọ́sà, bẹ́ẹ̀ ni àlùfáà tí ó bá a rìn ń gbé wàláà.

Ọmọ Jámánì kan wà lára àwọn tí ó tọ ipasẹ̀ yìí. Stefan Reichmuth, ọ̀mọ̀wé tí ó ṣe iṣẹ́ púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ Ìsìláàmù ní Ìlọrin, kọ àròkọ kan ní ọdún 1988 lórí àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá yá láti inú èdè Songhay, ìyẹn èdè àwọn ará Gao àti Timbuktu. Ìmàle tí a ń pe ẹ̀sìn wa pàápàá, ọ̀pọ̀ òpìtàn ni ó so ó mọ́ Mali. Ìdí nìyí tí ìtàn wa fi gbọ́dọ̀ yà sí ibẹ̀ kí ó tó dé ilé.

Àwọn tí ó lọ sí ilé-kéwú àtijọ́ mọ̀ pé ìwé àti oúnjẹ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Bí ọmọ bá ti há àyọkà tí a kọ sí ara wàláà sórí tán, a ó fi omi fọ tàdáwà kúrò lára rẹ̀. Omi náà, tí à ń pè ní hàntú, ọmọ a sì mu ún. Ó ka ìwé, ó sì mu ìwé. Ní ọjọ́ tí ó bá sì ṣe wòlímọ̀ Àlùkùránì, ìyá rẹ̀ ni yóò dá iná, tí yóò sì bọ́ àwọn tí ó wá gbọ́ kíké rẹ̀.

Àlejò kan ní Mali

Ní ọdún 1352, arìnrìn-àjò ará Morocco nì, Ibn Battuta, la aṣálẹ̀ kọjá wá sí Mali. Ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí ènìyàn lè kà fún ìgbádùn lásán, kí ó sì tún jèrè ìmọ̀. Ó sọ pé bí àlejò bá dé abúlé kan, àwọn obìnrin a gbé oúnjẹ wá tà fún un: ọkà, wàrà, adìyẹ, ìrẹsì, àti ìyẹ̀fun ẹ̀wà. Ẹni tí ó bá mọ àkàrà mọ ohun tí obìnrin ilẹ̀ wa lè fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà ṣe.

Ní ọjọ́ kẹwàá tí ó dé olú-ìlú, òun àti àwọn márùn-ún mìíràn jẹ ọkà kan tí a fi ohun tí ó jọ kókò rò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àìsàn ti kọlu gbogbo wọn, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ibn Battuta fúnra rẹ̀ dákú níbi ìrun àsùbáà, ó sì tó oṣù méjì kí ara rẹ̀ tó yá. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé iṣu ni ohun tí wọ́n jẹ. Àwọn ìyá wa mọ̀ pé irú iṣu kan wà nínú igbó tí ó ní oró, tí a gbọ́dọ̀ rẹ sómi, kí a sì bọ̀ ọ́ dáadáa, kí ó tó ṣeé jẹ. Obìnrin tí ó ro ọkà náà ìbá ti ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó bi í.

Lẹ́yìn èyí ni ọba, Mansa Sulayman, fi ẹ̀bùn ránṣẹ́ sí i. Ó rò pé aṣọ àti owó ni. Nígbà tí ó tú u, búrẹ́dì mẹ́ta ni, ẹran màlúù tí a fi òrí dín, àti igbá wàrà kíkan kan. Ẹ̀rín pa á. Àwa tí a tọ́ nílé mọ̀ pé ẹni tí ó bá gbé oúnjẹ fún àlejò ti bu ọlá fún un. Àlejò ni ó ni gègé, nítorí náà ojú àlejò ni a fi ń wo oúnjẹ náà títí di òní.

Baghdad: ìwé wà, ọwọ́ kò sí mọ́

Àwọn Mùsùlùmí ìgbàanì kò ka kíkọ̀wé nípa oúnjẹ sí ohun ìtìjú. Ìwé oúnjẹ tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣẹ́kù ní èdè Lárúbáwá ni ti Ibn Sayyar al-Warraq, tí ó gbé ní Baghdad ní ọ̀rúndún kẹwàá. Al-warrāq túmọ̀ sí ẹni tí ń da ìwé kọ, tí ó sì ń tà á. Oníṣòwò ìwé ni ó kọ nípa ìkòkò! Kò sì kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin gbígbẹ, nítorí ó fi ewì púpọ̀ nípa oúnjẹ sí i, kí òǹkàwé lè gbádùn rẹ̀ bí kò tilẹ̀ dá iná. Ní ọdún 1226, ọkùnrin mìíràn, Muhammad al-Baghdadi, kọ ìwé tirẹ̀. Ó ka ìgbádùn ayé sí mẹ́fà, ó sì ní oúnjẹ ni ó lọ́lá jù nínú wọn.

Ní ọdún 1258 àwọn Mongol ṣẹ́gun Baghdad, wọ́n sì ba ìlú náà jẹ́. Ìwé al-Baghdadi yè é. Àfọwọ́kọ rẹ̀ wà ní Istanbul, nínú àkójọ ìwé Aya Sofya, títí tí ọ̀mọ̀wé ará Iraq kan, Daoud Chelebi, fi tẹ̀ ẹ́ jáde ní Mosul ní ọdún 1934.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó sọnù. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, èròjà kan ń jẹ́ murrī. Ọkà báálì ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n á jẹ́ kí ó bu, kí ó kan, wọ́n á sì gbé e sí oòrùn fún ìgbà pípẹ́. Irú tiwọn ni, kí a sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Òun ni ó ń fún ọbẹ̀ ní adùn. Kò sí ìyá kan ní Baghdad lónìí tí ó gba murrī lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tí ó fẹ́ mọ bí ó ti ń dùn ní láti máa fi ìwé dán an wò, bí ẹni tí ń tọ ọ̀nà tí koríko ti bò. Irú ilẹ̀ wa kò ní ìwé tí ó tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kò sí lọ́jà Ìbàdàn, nítorí pé ọwọ́ kò dákẹ́. Ìwé lè pa orúkọ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ó ń pa adùn mọ́.

Bahia: ọwọ́ wà, wọ́n gba ìwé

Ẹ jẹ́ kí a wá wo òdìkejì rẹ̀ ní Brazil, níbi tí a ti kó àwọn ènìyàn wa lọ sí oko ẹrú. Ní ìlú Salvador, ní Bahia, Nagô ni wọ́n ń pe Yorùbá, Malê sì ni wọ́n ń pe Mùsùlùmí, láti inú Ìmàle tiwa. Nínú ààwẹ̀ Ramadan ọdún 1250 Hijra, ní òru tí ó mọ́ ọjọ́ 25 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1835, àwọn Malê dìde sí àwọn olówó wọn. Nagô ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn. Ilé tí Manoel Calafate ń gbé ni àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ já wọ̀. Àlùfáà wọn, Pacífico Licutan, wà ní ẹ̀wọ̀n nígbà náà nítorí gbèsè olówó rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, wọ́n ti ṣẹ́gun wọn. Nǹkan bí 70 nínú wọn ni ó kú.

Ohun tí àwọn ọlọ́pàá wá kiri lẹ́yìn èyí ni ìwé. Wọ́n tú ilé kiri, wọ́n kó tírà, wọ́n kó pákó tí a fi ń kọ́ kéwú, wọ́n kó tákàdá tí a kọ àyọkà Àlùkùránì sí. Ẹni tí wọ́n bá bá kíkọ Lárúbáwá lọ́wọ́ rẹ̀ ti di afurasí. Wọ́n yìnbọn pa mẹ́rin nínú wọn, wọ́n na àwọn kan lẹ́gba, wọ́n sì dá ọ̀pọ̀ padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Díẹ̀ nínú àwọn tákàdá náà wà ní ilé ìpamọ́ ìwé Bahia títí di òní. Lẹ́yìn ìran méjì tàbí mẹ́ta, ìjọ Malê ti tán lọ díẹ̀díẹ̀.

Àwọn ọlọ́pàá kò gba ìkòkò. Àwọn obìnrin tí ń kiri oúnjẹ ń kiri lọ. Manuel Querino, ọ̀mọ̀wé aláwọ̀dúdú ará Bahia tí ó kú ní ọdún 1923, kọ ìwé kan lórí oúnjẹ ìlú rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 1928. Àkàrà wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní acarajé. Ẹ̀kọ tí a pọ́n wà níbẹ̀, acaçá. Oúnjẹ kan sì wà níbẹ̀ tí ń jẹ́ arroz de hauçá, ìrẹsì àwọn Hausa, tí a fi ẹran gbígbẹ jẹ. Títí di òní ni wọ́n ń sè é.

Adùn náà yè, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ sọnù. Ẹni tí ń jẹ ìrẹsì Hausa ní Salvador lónìí lè má mọ̀ pé orúkọ àwọn Mùsùlùmí tí ó gba ààwẹ̀ lábẹ́ ẹgba ni ó ń pè. Àkàrà kì í ṣe ti ẹ̀sìn kan ṣoṣo ní ilé wa: a ń fi ṣe sàárà, a ń fi ṣínu, a sì ń fi í mu ẹ̀kọ lárọ̀ọ́ ọjọ́ kọ́jọ́. Ní Bahia, ìbọ̀rìṣà ni àwọn tí ń tà á so ó mọ́, nítorí pé àwọn olórìṣà ni ó rí àyè sọ ìtàn rẹ̀ fún ọmọ wọn. Ẹnu àwọn Malê ti dákẹ́. Ọwọ́ lè pa adùn mọ́, ṣùgbọ́n ìwé ni ó ń pa ìtumọ̀ mọ́.

Hamburg ra èso, kò ra ìmọ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àwa ni a kọ́kọ́ gbé oúnjẹ Yorùbá wọ ilẹ̀ Jámánì, kí ó lọ wo èbúté Hamburg. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn oníṣòwò Hamburg ti wà ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ O'Swald ń kó owó ẹyọ wá láti Zanzibar, ó sì ń ra èso ọ̀pẹ. Ilé-iṣẹ́ Gaiser tẹ̀ lé e. Kí ogun ọdún 1914 tó bẹ́ sílẹ̀, Jámánì ni ó ń ra èyí tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀kùrọ́ tí ń jáde láti àwọn ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ní Harburg, tí òfin ọdún 1937 sọ di ara Hamburg, ni wọ́n ti ń fún un. Òróró rẹ̀ di ọṣẹ àti màgàríìnì, èérún rẹ̀ sì di oúnjẹ màlúù.

Ta ni ó pa ẹ̀kùrọ́ náà? Àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ni, tí wọ́n jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, okúta nísàlẹ̀, okúta lókè. Àdín tí àwọn ìyá wa fi ń pa ọmọ lára ni àwọn ará Jámánì ń fi pa búrẹ́dì lójú. Iye owó àti iye àpò wà nínú ìwé àwọn oníṣòwò, ṣùgbọ́n a kò lè ka ohùn àwọn tí ó jókòó sídìí okúta níbẹ̀. Àwọn Yorùbá ní ẹ̀kùrọ́ ni alábàákú ẹ̀wà. Ọkọ̀ ojú omi gbé ẹ̀kùrọ́ lọ, kò gbé ẹ̀wà àti òwe rẹ̀ dání.

Ọdún 1934

A ti sọ pé ọdún 1934 ni ìwé al-Baghdadi jáde ní Mosul. Ní ọdún kan náà, ilé ìtàwé CMS ní Èkó tẹ ìwé kékeré kan jáde tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, *The Kudeti Book of Yoruba Cookery*. J. A. Mars àti E. M. Tooleyo ni ó kọ ọ́. Kúdẹtì ní Ìbàdàn ni orúkọ rẹ̀ ti wá, níbi tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin ìjọ Kristẹni wà. Ìwé Mosul gba oúnjẹ tí ọwọ́ ti fi sílẹ̀ là, ìwé Kúdẹtì sì mú oúnjẹ tí ọwọ́ ṣì ń sè, ó fi í sínú ìwé kí ó tó bọ́. Èkejì yìí ni ó yẹ kí a fi ṣe àwòkọ́ṣe.

Kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ìyá wa ń sè fún sààrì, mọ́sà tí wọ́n ń dín fún Mọ́lúdì, àti ohun tí wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún wòlímọ̀, kí a má retí pé ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ mìíràn ni yóò kọ ọ́ fún wa. Àwa ni iṣẹ́ náà wà lọ́rùn wa.

Ohun tí ó kù sí wa lọ́wọ́

Àwọn ilé gíga Marzahn, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní ọdún 1977, ti gba oríṣiríṣi àlejò. Àwọn ará Vietnam ti dé ìhà ìlà-oòrùn Berlin ṣáájú ọ̀pọ̀ nínú wa, láti ayé ìjọba àtijọ́, ìsọ̀ wọn sì ti di ibi tí a ti ń ra ilá àti ìrẹsì. Ẹ̀wà tí a fi ń ṣe àkàrà wà ní ilé ìtajà àwọn ará Turkey. Augenbohnen ni àwọn ará Jámánì ń pè é, ẹ̀wà olójú. Èròjà kò wọ́n wa, bí ìmọ̀ bí a ti ń lò ó kò bá wọ́n.

Ẹ rántí àwọn ààwẹ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 2015 àti 2016, nígbà tí ọjọ́ ààwẹ̀ ní Hamburg àti Berlin lé ní wákàtí méjìdínlógún. Kò sí ìyá kan nílé tí ó gba irú ààwẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, nítorí ọ̀sán àti òru kò yàtọ̀ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn Àlhájà wa níhìn-ín ni ó fi ọgbọ́n tuntun ṣe sààrì, tí wọ́n mọ oúnjẹ tí ń dúró pẹ́ nínú àti èyí tí ń fa òùngbẹ. Ìmọ̀ tí a bí ní Jámánì ni èyí, ọwọ́ àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó sì wà. Àwọn ọmọ tí yóò tún bá ààwẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn pàdé ti ń dàgbà báyìí. Bí a kò bá kọ ọ́, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń kọ ọ́? Ẹ jẹ́ kí a fi àkàrà ṣe àpẹẹrẹ. Bí ọmọ bá béèrè, ìyá a ní, "Rẹ ẹ̀wà, bó o, lọ̀ ọ́, dín in." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tó. Ó yẹ kí a kọ ìdí rẹ̀ pẹ̀lú. A ń fi omi díẹ̀ lọ̀ ọ́, nítorí ẹ̀wà tí ó bá ṣàn kò lè di atẹ́gùn mú. A ń fi ọwọ́ tàbí ṣíbí igi lù ú títí yóò fi fúyẹ́, nítorí ẹ̀rọ ìlọta lè lọ ẹ̀wà kúnná, ṣùgbọ́n kì í fi atẹ́gùn sí i bí ọwọ́. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà di ìgbà tí òróró bá ti gbóná, nítorí wọ́n a máa mú kí ó ṣàn bí ó bá dúró. Níbi tí ìyá bá ti sọ pé "ìwọ̀nba", kí ọmọ gbé òṣùwọ̀n sílẹ̀, kí ìyá bù ú bí ó ti máa ń bù ú, kí ọmọ kọ iye gíráàmù rẹ̀. Kí ó tún kọ ẹni tí ó kọ́ ìyá rẹ̀, ìlú tí ó ti wá, àti ọjọ́ tí wọ́n máa ń sè é nínú ọdún. Níbẹ̀ ni ìtumọ̀ wà, èyí tí àwọn ará Bahia kò rí gbà.

Kí a sì kà á. Ilé ìkàwé Mark Twain wà ní Marzahn, tí àwọn ọmọ wa ti ń yá ìwé ìtàn. Ìwé Ibn Battuta ti wà ní èdè Jámánì. Bí ọmọ bá lè jókòó sí ilé ìdáná, kí ó máa ka ìrìn-àjò Mali sókè nígbà tí ìyá rẹ̀ ń ro ọkà, yóò mọ̀ pé àwọn baba ńlá òun kì í ṣe àlejò nínú ìwé. Ìyá rẹ̀ lè dáhùn ìbéèrè tí Ibn Battuta kò bi ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ àwọn ọmọ wa mọ kíkọ ju sísè lọ. Ọwọ́ àwọn ìyá wa mọ sísè, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ráyè kọ. Kí ilé kọ̀ọ̀kan nínú ìjọ wa, kí ààwẹ̀ tó ń bọ̀ tó dé, kọ oúnjẹ kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọmọ sì tún un kọ ní èdè Jámánì. Ẹ mú un wá sí ìpàdé wa, kí a pa wọ́n pọ̀ di ìwé kan.

Kí Ọlọ́hun dá àwọn ìyá wa sí fún wa. Kí Ó fi Àlùjánnà ṣe ilé àwọn tí wọ́n ti ṣáájú, àwọn tí ó gba ààwẹ̀ nínú ìgbèkùn ní Bahia pẹ̀lú. Kí Ó fi àlùbáríkà sí oúnjẹ wa àti ìmọ̀ wa. Àmín.